Ohun Tí Oko Ń Ṣe sí Káróòtì

Káróòtì ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Káróòtì méjì lè wà lórí àtẹ kan náà ní ọjà Odò-Orí ní Ìwó, kí gígùn wọn dọ́gba, kí iye tí wọ́n ń tà wọ́n má yàtọ̀, síbẹ̀ kí oore tí ọ̀kan yóò ṣe fún ara fi ìlọ́po méjì ju ti èkejì lọ. Kí ló lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Oko ni. Irúgbìn tí àgbẹ̀ rà, ilẹ̀ tó gbìn ín sí, ooru tàbí òtútù tó bá a lóko, ajílẹ̀ tó jẹ, omi tó mu, ọjọ́ tí wọ́n hú u: gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú ohun tó wà nínú káróòtì kí ó tó wọnú àpò. Ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé ajílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi gbìn ín?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú.

Kí ni ènìyàn tilẹ̀ ń wá nínú káróòtì? Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wọn 100 gíráàmù káróòtì tútù, nǹkan bí 88 nínú rẹ̀ ló jẹ́ omi. Ìyókù jẹ́ ṣúgà díẹ̀, àwọn fọ́nrán tó ń mú kí ìyàgbẹ́ rọrùn, àti àwọn èròjà kéékèèké. Èyí tó sọ káróòtì di olókìkí láàárín wọn ni béta-kárótìnì. Òun ló fún un ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí ènìyàn bá jẹ ẹ́ tán, ara ẹni náà yóò sọ apá kan nínú rẹ̀ di fítámì A.

Fítámì A yìí ni ojú fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Òun ni awọ ara àti awọ inú ọ̀fun fi ń dán, òun náà ló sì ń ran ara ọmọdé lọ́wọ́ láti bá àrùn jà. Ọmọ tí kò bá rí i tó, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa ṣe bàìbàì nírọ̀lẹ́. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ìtọ́jú, ojú náà lè gbẹ kó sì fọ́. Nítorí náà, òótọ́ ni pé káróòtì wúlò fún ojú. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni pé ó lè gba dígí lójú ẹni tó ti ń lò ó. Irọ́ ogun wà lára ohun tó mú ìgbàgbọ́ yẹn gbilẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé e kiri ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé káróòtì ni John Cunningham, awakọ̀ ogun òfurufú wọn, ń jẹ tó fi ń rí ọkọ̀ ọ̀tá lóru. Ẹ̀rọ rédà ló ń lò. Wọn kò fẹ́ kí Jámánì mọ̀ ni.

Ó dára. Bí a bá ti mọ̀ pé béta-kárótìnì ni à ń wá, ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló ń mú kó pọ̀ tàbí kó kéré? Irúgbìn ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ: irúgbìn ṣáájú ilẹ̀, irúgbìn ṣáájú ajílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo káróòtì ló ní àwọ̀ kan náà. Agbègbè Afghanistan àti Ìráànì ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, elésè àlùkò àti aláwọ̀ ìyeyè ni àwọn tí wọ́n sì gbìn nígbà náà. Èyí tó pupa rúsúrúsú kò tíì gbajúmọ̀ títí ó fi di nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Netherlands ń ṣà á gbìn. Títí di òní, káróòtì funfun ṣì wà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni béta-kárótìnì tó wà nínú rẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i tó. Aláwọ̀ ìyeyè ní èròjà mìíràn tó ń jẹ́ lutein. Èyí tó pupa gan-an ní lycopene, irú èyí tó wà nínú tòmátì. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo àbùdá káróòtì jáde, wọ́n sì tọ́ka sí èyí tó ń pàṣẹ pé kí béta-kárótìnì kóra jọ sínú gbòǹgbò. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ irúgbìn nìyẹn. Àgbẹ̀ kò lè fi ọkọ́ tàbí ajílẹ̀ gbà á padà.

Kódà láàárín àwọn tó pupa rúsúrúsú, ẹ̀yà kan lè ní béta-kárótìnì ní ìlọ́po mélòó kan ju ẹ̀yà mìíràn lọ. Orúkọ tí àwọn tó ń ta irúgbìn ní Nàìjíríà sábà máa ń dá ni Nantes, Chantenay àti Kuroda. Nantes gùn, ó dùn, àmọ́ ilẹ̀ rírọ̀ ló ń fẹ́. Chantenay kúrú, ó sanra, ó sì ń gba ìyà ilẹ̀ líle díẹ̀. Kuroda wá láti Japan, ó sì gbajúmọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olóoru nítorí pé ó fara da ooru ju àwọn yòókù lọ.

Kí ló dé tí àgbẹ̀ kò kúkú fi káróòtì díẹ̀ sílẹ̀ lóko kó so, kó lè gba irúgbìn ti ara rẹ̀, bí ó ti ń ṣe fún ilá àti àgbàdo? Káróòtì kì í tanná àfi bí òtútù bá mú un fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Irú òtútù yẹn kò sí ní Ìwó, kò sì sí ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ irúgbìn rẹ̀ ti ń wá. Àgbẹ̀ tó bá ra irúgbìn inú ike tí kò ní orúkọ ẹ̀yà, tí kò sì ní ọjọ́ lára, kò mọ ohun tó ń gbìn. Irúgbìn káróòtì tètè ń ṣọ́, bó bá sì ṣọ́, díẹ̀ ni yóò hù.

Lẹ́yìn irúgbìn, ooru àti òtútù ló kàn. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òkè Ọya ni káróòtì ti ń wọ ọjà Ìwó, láti Kánò, láti Kàdúná, láti Plateau. Ṣé àwọn ará ibẹ̀ mọ iṣẹ́ oko ju àwọn ará Ọ̀ṣun lọ ni? Rárá o. Ojú ọjọ́ ló yàtọ̀. Ìwọ̀n 15 sí 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni káróòtì ń fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tó jinlẹ̀ dáadáa. Bí ooru bá ti ju 25 lọ lójoojúmọ́, gbòǹgbò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì, ó sì lè máa korò. Àwọ̀ tó ṣì yẹn gan-an ni béta-kárótìnì tó dínkù. Ìlú Jọ́ọ̀sì ní Plateau wà lórí òkè tó ga tó 1,200 mítà, nítorí náà ó tutù. Ní Kánò àti Zaria, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni wọ́n ń gbìn ín, wọ́n á sì máa bomi rin ín ní fàdámà, ìyẹn àkùrọ̀ tiwọn. Ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ òkè Ọya mọ ìgbà tí òtútù wà níta, ìgbà náà ló sì ń gbé irúgbìn sílẹ̀.

Ní Ìwó, ọ̀sán kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, àní nínú ọyẹ́. Òru nìkan ló ń súnmọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ dán káróòtì wò ní agbègbè yìí kò gbọ́dọ̀ bá òjò gbìn ín, bí ìgbà tí à ń gbin àgbàdo. Òpin òjò ló dára, ní October sí November, kí ọyẹ́ lè bá ewéko náà lórí ilẹ̀, kí ó sì ti kúrò lóko kí ooru March tó dé. Àkùrọ̀ ni yóò sì wá fún un, nítorí omi.

Bí a bá ti dárúkọ àkùrọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé nìyẹn, ilẹ̀ Ìwó sì ní ìtàn. Ní ọdún 1962, Smyth àti Montgomery, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn nípa àwọn ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ìdílé-ìdílé, wọ́n sì fi orúkọ ìlú pe púpọ̀ nínú wọn: Ẹ̀gbẹ́dá wà níbẹ̀, Oǹdó wà níbẹ̀, Ìwó náà wà níbẹ̀. Ìdílé ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìwó ni èyí tó jáde láti ara akọ òkúta tí hóró rẹ̀ tóbi. Títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní Nàìjíríà, ì báà má tíì dé Ìwó rí, yóò ti kọ orúkọ ìlú náà sínú ìwé rẹ̀.

Báwo ni ilẹ̀ náà ti rí? Yanrìn ló pọ̀ lókè rẹ̀, ó rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọ ebè. Ṣùgbọ́n bí ọkọ́ bá lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, yóò bá òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà yóò kan amọ̀. Kòkó gba èyí, iṣu gba á bí ebè bá tóbi. Káróòtì kò gbà á. Gbòǹgbò káróòtì ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tó jìn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Bó bá kan òkúta, á là sí méjì tàbí mẹ́ta, á dà bí ẹsẹ̀ ènìyàn. Aràn ilẹ̀ tíntìntín tí ojú kò lè rí náà máa ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ tútù tí kò tíì jẹrà sì lè ṣe é.

Ṣé káróòtì tó là sí méjì kò wá ní fítámì mọ́ ni? Ó ní. Ìrísí rẹ̀ kọ́ ló ń bọ́ ara. Ẹni tó ń rà á ní ọjà, tó ń ju elésẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ń fi owó ṣòfò. Ohun tó yẹ kí ó máa wò ni àwọ̀, láti òkè dé ìdí, àti láti ara awọ dé inú. Káróòtì tí àárín rẹ̀ funfun kò kún tó èyí tí àárín rẹ̀ pupa. Èyí tí orí rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, oòrùn ló pa á bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń korò níbẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn: kò kó ilẹ̀ bo orí gbòǹgbò nígbà tó ń yọ síta.

Nítorí òkúta wẹ́wẹ́ yìí, ibi tó yẹ fún káróòtì ní agbègbè Ìwó kì í ṣe orí òkè. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, níbi tí òjò ti ń gbá yanrìn lọ láti ọdún dé ọdún, lẹ́bàá àwọn odò kéékèèké. Níbẹ̀, ilẹ̀ jìn, òkúta kò pọ̀. Àgbẹ̀ yóò kọ poro gíga, yóò gbin irúgbìn sórí rẹ̀ tààrà láìlọ́ ọ, yóò sì dín in kù nígbà tó bá hù, kí ọ̀kan má baà fún èkejì. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n ń pè ní NIHORT, wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975. Kò jìnnà sí Ìwó, ibẹ̀ sì dára láti lọ béèrè ẹ̀yà tó yẹ kí ènìyàn tó náwó.

Ó wá kan ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti jà lé lórí nìyí. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n bá ti fi ajílẹ̀ òyìnbó NPK gbìn, omi lásán ni. Àwọn mìíràn ní láìsí NPK kò sí oko. Kí ni ìwádìí sọ?

Káróòtì nílò náítírójìn díẹ̀, nítorí ewé ló ń ṣe oúnjẹ tó ń sọ̀kalẹ̀ sínú gbòǹgbò, náítírójìn ló sì ń kọ́ ewé. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí yúríà, ajílẹ̀ òyìnbó tó kún fún náítírójìn, bá pọ̀ jù, ewé á máa rú kùjọ̀kùjọ̀, gbòǹgbò á máa mu omi, ṣúgà inú rẹ̀ á dínkù. Náítírójìn tí káróòtì kò rí lò yóò sì fara pamọ́ sínú gbòǹgbò ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní nitrate. Àgbàlagbà lè má mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ọmọ jòjòló tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ jẹ káróòtì tí nitrate pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ó lè ba ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń gbé afẹ́fẹ́ jẹ́. Ìgbẹ́ adìyẹ náà ní náítírójìn gan-an. Ẹni tó bá dà á bí ẹrù sí oko káróòtì kò yàtọ̀ sí ẹni tó da yúríà. Pòtásíọ̀mù ní tirẹ̀ máa ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́ láti kó ṣúgà jọ, eérú igi tí wọ́n ń kó jáde nílé ìdáná sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ewu mìíràn wà nínú ìkánjú. Ohun ọ̀gbìn tí wọ́n bá fi omi àti ajílẹ̀ tì láti tóbi kíákíá, èròjà inú rẹ̀ kì í sábà bá títóbi náà dọ́gba. Bí ìgbà tí ìyàwó ilé da omi kún ọbẹ̀ kí ó lè kárí ni. Ní ọdún 2004, Donald Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas fi àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ọdún 1950 wé ti 1999 lórí ohun ọ̀gbìn 43. Wọ́n rí i pé èròjà mẹ́fà ti lọ sílẹ̀ nínú wọn lápapọ̀. Ohun tí wọ́n rò pé ó fà á ni pé láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀yà tó ń tóbi tó sì ń so púpọ̀ ni àwọn ènìyàn ń wá.

Ṣé káróòtì tí wọ́n fi ajílẹ̀ ìbílẹ̀ nìkan gbìn wá ní béta-kárótìnì ju tàwọn yòókù lọ? Ní ilẹ̀ Denmark, àwọn olùwádìí gbin ẹ̀yà kan náà ní ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì fún àwọn ènìyàn jẹ. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2011: ìwọ̀n béta-kárótìnì kò yàtọ̀, èyí tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́ kò sì yàtọ̀. Lórí oúnjẹ oko lápapọ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kò fohùn ṣọ̀kan. Èsì tó jáde ní London ní ọdún 2009 kò rí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan nínú àwọn èròjà aṣaralóore. Èyí tó jáde láti Newcastle ní ọdún 2014, lẹ́yìn tí wọ́n ka ìwé ìwádìí 343, rí i pé àwọn èròjà kan tó ń dáàbò bo ara pọ̀ sí i nínú oúnjẹ tí wọn kò fi kẹ́míkà gbìn, pé ìyókù oògùn apakòkòrò kéré nínú rẹ̀, àti pé kádímíọ̀mù, irin olóró kan, kéré pẹ̀lú.

Ẹ fi ọkàn sí ibi tí ìyàtọ̀ yẹn wà. Kò sí ní ti fítámì A. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà ní ti ohun tí kò yẹ kí ènìyàn jẹ. Kádímíọ̀mù lè wà nínú ajílẹ̀ fọ́sífétì, káróòtì sì jẹ́ gbòǹgbò tó ń fà á láti inú ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ káróòtì tí kò ní ìdọ̀tí oògùn nínú ní ìdí tó dájú láti wá èyí tí wọ́n fi ajílẹ̀ ìbílẹ̀ gbìn. Ẹni tó ń wá fítámì A púpọ̀ sí i, ẹ̀yà àti àwọ̀ ni kó wò. Ẹní bá gbin ọgọ́rùn-ún ebè iṣu tó ní igba lòun gbìn, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Àwọn tó ń polówó káróòtì ìbílẹ̀ pé ó ń wo gbogbo àrùn sàn ń gbin ebè tó ju ilẹ̀ wọn lọ.

Omi tí wọ́n fi ń rin oko náà tó ìwádìí. Bí omi bá ń dé lónìí tí kò dé fún ọ̀sẹ̀ kan, gbòǹgbò á sán. Bó bá pọ̀ jù nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n hú u, adùn rẹ̀ á ṣàn lọ. Orísun omi sì ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ní Kánò, odò Jakara ń gba ìdọ̀tí ìlú, àwọn àgbẹ̀ kan sì ń fi omi rẹ̀ rin ẹ̀fọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn olùwádìí ti yẹ irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì bá irin olóró nínú wọn. Kò sí bí oníbàárà ní Ìwó ṣe lè fi ojú mọ omi tí káróòtì mu. Ohun tó lè ṣe ni kó fọ̀ ọ́ dáadáa kó sì há awọ rẹ̀ dànù, nítorí awọ ni ọ̀pọ̀ ìyókù oògùn ń wà. Fífọ̀ àti híhá kò sì lè mú ohun tó ti wọ inú ẹran káróòtì kúrò.

Ìgbà tí wọ́n hú u ńkọ́? Béta-kárótìnì kì í kún lọ́jọ́ kan. Bí káróòtì ṣe ń dàgbà lóko ni àwọ̀ rẹ̀ ń jinlẹ̀, títí di nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ lékún mọ́. Nígbà tí owó káróòtì bá ga lọ́jà, àwọn àgbẹ̀ kan á hú u ní oṣù méjì ààbọ̀. Owó á wọlé, fítámì kò tíì pé. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ jù, lọ́wọ́ kejì, á le, á sì sán. Nítorí náà, káróòtì tó tóbi níwọ̀nba tó sì pupa dáadáa ló sàn ju èyí tó kéré tó ṣì rẹ̀ dòdò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kékeré ló dára jù.

Lẹ́yìn híhú, iṣẹ́ kò tíì parí. Ewé orí rẹ̀ ní láti kúrò kíákíá, nítorí ó ń fa omi jáde kúrò nínú gbòǹgbò. Nínú àpò, nínú ọkọ̀ tó ń ti òkè Ọya bọ̀, káróòtì á máa gbẹ, ṣùgbọ́n béta-kárótìnì rẹ̀ kì í tètè sá bí fítámì C ti ń sá. Iná oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́ jù, pàápàá bí wọ́n bá ti gé e wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ lórí àwo. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ má ṣe tò ó pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n tàbí ápù. Èso tó ń pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń mú káróòtì korò.

Bí ó bá dé ìdáná, díẹ̀ ni béta-kárótìnì inú káróòtì tútù tí ènìyàn rún lẹ́nu tí ara máa ń rí gbà. Kí wọ́n bọ̀ ọ́ díẹ̀ tàbí kí wọ́n rin ín, kí wọ́n sì fi epo sí i, ìgbà náà ni ara máa ń gbà á dáadáa, nítorí inú ọ̀rá ni béta-kárótìnì ti ń yọ́.

Ìbéèrè kan kù tí olùgbọ́ tó fẹ́ràn òtítọ́ yóò ti máa bi ara rẹ̀. Ṣé káróòtì ni ará Ìwó yóò máa gbójú lé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, tí owó rẹ̀ sì ń ga? Rárá. Ohun tí a ti ń sọ nípa káróòtì bá àwọn oúnjẹ tó ń hù ní Ìwó mu bákan náà, irúgbìn ló sì tún ṣíwájú. Ní ọdún 2011, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tí inú wọn pọ́n bí ìyeyè: UMUCASS 36, 37 àti 38. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti èyí tó wà ní Umudike ló ṣiṣẹ́ lé wọn lórí. Béta-kárótìnì ló fún wọn ní àwọ̀ náà. Ẹ̀gẹ́ funfun kò ní in tó nǹkan. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí káróòtì náà ti wà, ìjọba Ọ̀ṣun sì ti mú un wọ inú oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé rí. Àwọn wọ̀nyí kò bèèrè òtútù. Ilẹ̀ Ìwó gbà wọ́n.

Gààrí pupa méjì ló wà lọ́jà báyìí. Epo pupa ló pa ọ̀kan láró, inú ẹ̀gẹ́ ni èkejì ti mú àwọ̀ tirẹ̀ wá. Kò sí èyí tó jẹ́ ayédèrú nínú méjèèjì ní ti fítámì A, nítorí epo pupa ní béta-kárótìnì ju káróòtì lọ ní ìwọ̀n kan náà, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì yọ́ ọ títí ó fi funfun. Yíyọ́ epo bẹ́ẹ̀ ń pa béta-kárótìnì inú rẹ̀ run pátápátá. Díndín gààrí náà ń gba nínú béta-kárótìnì rẹ̀ lọ, ìpamọ́ sì tún ń gba púpọ̀. Gààrí ẹ̀gẹ́ pupa tí wọ́n tọ́jú fún oṣù mélòó kan nínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ yóò ti pàdánù apá tó pọ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa dín in, kí wọ́n fi sínú ike tó ní ìdérí, kí wọ́n gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti ní kàn án, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.